Aago Tí Ń Ṣọ́ Ìlera Lórí Awọ Dúdú

  Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ dá lé àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ènìyàn ń wọ̀ sọ́rùn ọwọ́, sí ìka tàbí sí apá, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti oorun rẹ̀ tọ̀sán-tòru. N kò wá bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, nítorí àìtètè mú olè ni olè fi ń mú olóko, ohunkóhun tí ó bá sì lè jẹ́ kí a tètè gbá àrùn mú kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára, ọ̀rẹ́ wa ni. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ara àwọn ẹni tí awọ wọn kò dúdú bí tiwa ni a ti dán púpọ̀ nínú wọn wò.

Ọkàn, òṣìṣẹ́ tí kì í gba ìsinmi, onílù inú àyà tí kì í gbé kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀, ni a kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti máa ṣọ́. Ní 1947, Norman Holter, ará ìlú Helena ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ó ń fi ìṣesí ọkàn ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́ bíi rédíò. Ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ kílò 38. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ọkàn tí ó ń ṣe ségesège lóru, tàbí nígbà tí olúwa rẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn, lè máa lù déédéé bí a bá tẹ́ ẹni náà sílẹ̀ níwájú dókítà. Ẹrù ńlá yẹn ti wá di aago tí ọmọdé ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé lónìí.

Ẹ bọ́ irú aago bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè: ẹ óò rí iná aláwọ̀ ewé tí ó ń ṣẹ́jú pẹ́-pẹ́-pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa fa iná yìí mu. Nígbà tí ọkàn bá lù, tí ẹ̀jẹ̀ sì rọ́ wọ ọrùn ọwọ́, iná tí ó padà sínú aago a dín kù, bí ọkàn bá sì dẹwọ́, a tún pọ̀ sí i, èyí ni aago ń kà tí ó fi ń sọ iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọ́síjìn yàtọ̀ díẹ̀. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan ní ilé iṣẹ́ Nihon Kohden, ni ó la ọ̀nà rẹ̀ ní nǹkan bí 1974: ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ kì í fa iná pupa mu tó èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán, nítorí náà, bí a bá tan iná pupa àti iná mìíràn tí ojú ènìyàn kò lè rí gba inú ìka kọjá, tí a sì fi ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ọ̀kan wé ti èkejì, a ó mọ bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó láìfi abẹ́rẹ́ gún ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ńlá ni, ẹ̀mí tí ó sì ti gbà là kò lóǹkà.

Ṣùgbọ́n kí iná tó dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, awọ ni ó kọ́kọ́ bá pàdé. Èròjà tí Ẹlẹ́dàá fi kun awọ wa dúdú, tí ó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn, a sì máa fa iná mu pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà ràn-ìn, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan tẹ ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n fi ohun tí ẹ̀rọ ìka sọ wé ẹ̀jẹ̀ tí a fà nínú iṣan aláìsàn kan náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ní ọ́síjìn wà láàárín 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọkàn gbogbo ènìyàn sì balẹ̀, ọ́síjìn tòótọ́ kò tó 88 nínú 11.7 àyẹ̀wò lára ọgọ́rùn-ún tí a ṣe fún aláwọ̀ dúdú. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6 péré. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta! Ẹ fojú inú wo ẹni tí èémí ń tán lọ nínú rẹ̀, tí a sì ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ní kò séwu.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìlànà tí FDA, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 2013 ni pé, nínú àwọn tí a ó fi dán irú ẹ̀rọ yìí wò, kí aláwọ̀ dúdú má dín ní ẹni méjì, tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó bá pọ̀ jù. Ẹni méjì! Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni dúdú pàápàá kì í ṣe oríṣi kan: adúmáadán wà, ẹni tí ó dúdú kirikiri sì wà. Ó di oṣù Kìíní 2025 kí àjọ náà tó dá a lábàá pé kí àwọn olùkópa má dín ní 150, kí awọ wọn sì jẹ́ oríṣiríṣi. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ìka ilé ìwòsàn ni ìwádìí Michigan yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n iná ni aago náà gbẹ́kẹ̀ lé, awọ náà ni iná rẹ̀ sì ní láti là kọjá.

Ẹ̀rọ ṣúgà tí a ń lẹ̀ mọ́ apá kò ní ìṣòro yìí, nítorí kì í ṣe iná ni ó ń lò: ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó wọ abẹ́ awọ lọ, tí ó ń wọn ṣúgà inú omi ara, bí ó tilẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rẹ̀yìn sí ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì ní oríṣi àtọ̀gbẹ àkọ́kọ́, lè rí i gbà lọ́wọ́ ìjọba, nítorí láti 2022 ni NICE, àjọ tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera níbẹ̀, ti dámọ̀ràn rẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà tí ó ní i. Nílé, owó rẹ̀ ni ìdènà. Ẹ ṣọ́ra fún aago tàbí òrùka tí ẹni tí ń tà á bá búra pé ó lè wọn ṣúgà láìwọ inú awọ: ní oṣù Kejì 2024, FDA kéde pé òun kò fọwọ́ sí ọ̀kankan.

Ìkìlọ̀ ni aago lè ṣe. Ìdájọ́ di ọwọ́ dókítà. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Stanford àti Apple ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, ó lé ní 419,000 ènìyàn tí ó wọ aago Apple, nǹkan bí ẹni 5 nínú ẹgbẹ̀rún ni ó sì kìlọ̀ fún pé ọkàn wọn kò lù déédéé. Àwọn tí wọ́n lẹ ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ àyà lẹ́yìn náà, 34 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni a bá ségesège náà lára wọn. Èyí kò sọ ìyókù di irọ́, nítorí àìsàn náà a máa wá, a sì máa lọ.

Mo bẹ ẹ̀yin oníṣègùn àti ẹnjiníà wa ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Ìdí-Àràbà: ẹ fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan dán àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wò lára àwọn ènìyàn wa, kí ẹ sì tẹ ohun tí ẹ bá rí jáde fún aráyé kà. Mo bẹ NAFDAC kí ó máa bèèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹ̀rọ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ra tiyín, ẹ máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tìtorí aago pa ẹ̀rọ ìfúnpá tí a ń so mọ́ apá tì. Bí èémí bá sì ń há yín láyà, tí aago ní ara yín dá ṣáṣá, ara yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ kíákíá.