Eṣinṣin Tí Ń Ba Èso Ìgbẹ̀yìn Ìkórè Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ti eṣinṣin kékeré kan tí kò gùn ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ, ṣùgbọ́n tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà di olófo lẹ́nu ìkórè. Drosophila suzukii ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìhà ìlà-oòrùn Asia ni ó ti wá. Ní ọdún 2008 ni a rí i ní California, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń gbin raspberry, blueberry àti àjàrà.

Àwọn eṣinṣin kéékèèké tí a máa ń rí lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso tí ó ti rà ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n abo eléyìí ní ohun kan ní ìdí rẹ̀ tí ó rí bí ayùn, tí ó fi ń la awọ èso tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, kí ó lè yé ẹyin sínú rẹ̀. Abo kan lè yé ju ẹyin 300 lọ. Ẹyin a di ìdin, ìdin a sì jẹ inú èso títí yóò fi rọ̀ bàjẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá gbè é, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ọmọ ti di òbí. Nítorí náà ni èso tí ó tètè pọ́n ṣe máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyà sì ń jẹ èyí tí ó pọ́n kẹ́yìn: ìran lórí ìran eṣinṣin ni yóò ti bí sí i kí ó tó kàn án.

Nígbà tí àgbẹ̀ bá rí èyí, oògùn apakòkòrò ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń sáré sí. A kò wí pé kí ó má lò ó. Ṣùgbọ́n oògùn tí a fọ́n sí ara èso, eṣinṣin tí ń fò ni ó ń pa jùlọ. Ó ṣòro kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìdin tí ó wà nínú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sì ti wí pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹni tí ó bá sì fọ́n oògùn lónìí, tí ó ká èso lọ́la, láìka iye ọjọ́ tí a kọ sí ara agolo oògùn sí, májèlé ni ó gbé ka iwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Njẹ́ kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí a máa ká èso lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì méjì, kí a má ṣe jẹ́ kí èyí tí ó pọ́n pẹ́ lórí igi. Èkejì, kí a má ṣe da èyí tí ó jábọ́ sí ẹ̀gbẹ́ oko. Kí a kó o sínú ọ̀rá, kí a so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí a sì gbé e sí oòrùn títí ooru yóò fi pa ìdin inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a gé ẹ̀ka tí ó há, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, nítorí ibi òjìji àti ọ̀rinrin ni eṣinṣin náà fẹ́. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò tó mìlímítà 1 bo oko kí èso tó pọ́n. Ẹ̀karùn-ún, kí a tètè gbé èso tí a ká sínú òtútù tí ó súnmọ́ ti yìnyín. Bí ó bá lo ọjọ́ 3 níbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹyin àti ìdin yóò kú. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó rọra tẹ èso díẹ̀, kí ó rì í sínú omi iyọ̀: bí ìdin bá wà, yóò jáde.

Ní ti àjàrà, awọ rẹ̀ le. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Èyí tí ó sán, tàbí tí ẹyẹ sọ, ni eṣinṣin ń wọ̀, tí gbogbo ìdì èso náà yóò sì máa rùn bí ọtí kíkan.

Ní ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i pé kí a tú agbọ́n tín-ín-rín kan, tí ń pa ìdin yìí, sílẹ̀ sí oko. Ní ọdún 2022 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ rere ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni yóò ṣì gbá oko rẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Eṣinṣin mìíràn láti Asia, Bactrocera dorsalis, tí a kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 2003, ti dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó sì ń yé ẹyin sínú máńgòrò wa. Máńgòrò tí ó jábọ́, tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ igi, ni ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Nítorí náà, a bẹ olúkúlùkù ẹni tí ó ní igi eléso: kí ó kó èyí tí ó wà nílẹ̀ kúrò kí ó tó nawọ́ sí èyí tí ó wà lókè.