Òfin Ṣílẹ̀kùn Owó, Físà Tún Tì Í

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré ìdárayá ní yunifásítì Amẹ́ríkà ló wà nílẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí NCAA, àjọ tó ń darí eré náà, ti ní akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ fi orúkọ tàbí àwòrán ara rẹ̀ pawó. Yunifásítì ń gbowó tẹlifíṣọ̀n, kóòṣì ń gba mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Ìjọba ló dá sí i. Lọ́dún 2019, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba owó ìpolówó. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, NCAA sì gbà lọ́dún 2021. Lọ́dún 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì fúnra rẹ̀ máa sanwó fún wọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti Èkó ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ pààlà sí iṣẹ́ tó lè ṣe. Tíìmù kan náà ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbowó, òun ń wò. Bó bá sì buwọ́ lùwé láìbéèrè, físà rẹ̀ lè bọ́.

Lójú tèmi, ìjọba tó ṣílẹ̀kùn fún onílé yẹ kó ṣí i fún àlejò tí wọ́n jọ ń làágùn. Kó tó dìgbà náà, bẹ́ ẹ bá ní àbúrò lọ́hùn-ún, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i: kó rí lọ́yà tó mọ̀ nípa físà kó tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Ó dìgbà o!