Ìgbàgbọ́ Ọjọ́ Ajé

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín kò tí ì dé ilé láti àárọ̀, ẹnu ọ̀nà ibí yìí ni ó sọ ẹrù ọjà rẹ̀ sí kí ó tó wọlé jókòó. Nítorí náà a kò ní í pẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí ó bá ti ṣe tíṣà rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè tán, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí a ń ka orúkọ àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lára pátákó, ìyá kan nínú yín bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ Àìkú ni a máa ń rántí Ọlọ́run. Ọjọ́ wo wá ni a máa ń gbàgbé rẹ̀?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a sùn. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọjọ́ tí a ń gbàgbé Ọlọ́run ni ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ Àìkú gan-an, èyíinì ni ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àìkú a wọ aṣọ tí ó mọ́, a kọrin, a ṣe àmín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, a gbé igbá ọjà rù, a sì fi Ọlọ́run sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìwé orin. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ ọjọ́ Ajé lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́ńgò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Kọ́ńgò tuntun, ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí èyí tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, tí ó dàbí ẹni pé òkè kékeré kan hù nínú rẹ̀. Ẹ ti rí èyí tí wọ́n fi nǹkan dí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí olùtajà bá bu gàrí sí i, tí ó sì ṣe é kí ó ga lórí, orí ni ojú oníbàárà máa ń wà. Kò sẹ́ni tí ń wo ìdí. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ní kọ́ńgò méjì: ó ń fi ńlá ra nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì ń fi kékeré tà á fún ará ìlú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Nínú ìwé Deutarónómì orí 25, òfin Mósè kọ̀ fún ènìyàn láti ní òṣùwọ̀n ńlá àti òṣùwọ̀n kékeré nínú ilé kan náà. Wòlíì Ámósì, ní orí 8 ìwé rẹ̀, bá àwọn oníṣòwò kan wí, àwọn tí wọ́n jókòó sínú ọjọ́ ìsinmi tí ara sì ń wá wọn kí ọjọ́ náà tètè parí, kí wọ́n lè ṣí ọkà wọn, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n tí ó ti dínkù tà á. Ẹ ò rí i pé ìyá tí ó bi wá ní ìbéèrè yẹn kò ṣèèṣì? Wòlíì ti bi irú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ṣùgbọ́n a gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ń sọ pé, "Ọ̀gá, bí gbogbo ọjà bá lu kọ́ńgò, tí èmi nìkan kò lù ú, ebi ni yóò pa mí." A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òótọ́ ni. Kọ́ńgò tí a lù máa ń mú kí àpò kan pé iye kọ́ńgò tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní àbùkù gbọ́dọ̀ fi owó díẹ̀ lé e kí ó má bàa pàdánù, oníbàárà yóò sì kọjá lọ bá ẹni tí tirẹ̀ pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run ti ń di iṣẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò ná wa ní nǹkan kan láti sọ pé Ọlọ́run ni olùpèsè wa. Níwájú àtẹ gàrí, ó ń náni lówó.

Obìnrin kan tí ó ti kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa rí, ìrẹsì ni ó ń tà. Nígbà tí ó mọ ìwé kọ tán, ó ya páálí kan, ó kọ ọ́ sí i pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìrẹsì kọ́kọ́ yẹ ìdí kọ́ńgò òun wò, ó sì gbé e kọ́ sórí àtẹ. Àwọn ará ọjà fi í ṣẹ̀sín. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọjà rẹ̀ kò yá, ó sì sọ fún wa pé òun sunkún. Àwọn tí ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwọn olóúnjẹ, nítorí pé ẹni tí ń se oúnjẹ tà mọ iye àwo tí ó yẹ kí kọ́ńgò kan pé. Ìkòkò wọn ni ó jẹ́rìí fún un. A kò sọ pé ó di olówó o. Kò di olówó. Ó ń tà, ó ń jẹun, ó sì ń sùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn opó kan nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kejì wa tán lè fi ojú ara yín kà á nílé. Kì í ṣe ohun kékeré nìyẹn. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn ní ọdún 1821, ni ó fi ìwé Róòmù lélẹ̀ ní èdè wa ní ọdún 1850. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò rí gbogbo Bíbélì parí títí di ọdún 1884. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ẹ má jẹ́ kí ó wà lórí pẹpẹ kí eruku máa bò ó.

Opó yìí, ọkọ rẹ̀ kú, gbèsè sì kù sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ lówó ti ń bọ̀ wá mú ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Kò yẹ kí àwa Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí irú èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀. Àwọn bàbá ńlá wa mọ ìwọ̀fà. Wọ́n fi ọmọ sọfà nítorí owó, ọmọ náà a sì máa ṣiṣẹ́ lóko olówó títí gbèsè yóò fi tán. Òfin ti fòpin sí i, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó tí ó tọ́ wa dàgbà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣe é.

Opó náà ké pe Èlíṣà. Kí ni Èlíṣà ṣe? Kò fún un ní owó. Ó bi í pé kí ni ó wà nínú ilé rẹ̀. Òróró díẹ̀ ni. Ó ní kí ó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kí ó má sì yá díẹ̀. Ọlọ́run ni ó mú kí òróró náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ opó yìí ni ó rin àdúgbò já, ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbé ìkòkò, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń dà á. Nígbà tí ó kún tán, ohun àkọ́kọ́ tí Èlíṣà ní kí ó fi owó rẹ̀ ṣe ni kí ó san gbèsè, kí wọ́n tó fi ìyókù jẹun. Kò ní kí ó kọ́kọ́ ṣe ìnáwó ìdúpẹ́. Ẹ rántí ibí yìí, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn, ṣókí ni a ó sọ ọ́. Ní ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù níbẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì dé láti Ìlú Ọba ní ọdún 1932 láti bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuníìnì nítorí ibà, àríyànjiyàn dé, ó sì wà lára ohun tí ó pín wọn níyà nígbẹ̀yìn. A kò jókòó lórí ìtẹ́ ìdájọ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n gbàgbọ́, ara tiwọn ni wọ́n fi san án. Ohun tí ó ń dùn wá ni ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí, tí ara rẹ̀ yá, tí ó wá sọ pé òun ti gba ìwòsàn, tí ó sì ju oògùn nù láìsọ fún dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ènìyàn kí nǹkan kan má ro ó. Bí ó bá wálẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn náà ni ó ń mú un wálẹ̀, bí a bá sì dá a dúró, ó lè tún gòkè. Ẹ gbàdúrà sórí oògùn yín, kí ẹ sì lò ó. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a ń sọ. Ó yẹ kí a sọ tiwa.

Ní ọdún 2015, nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, owó oṣù dáwọ́ dúró. Ẹ ó rántí pé ìpínlẹ̀ púpọ̀ ni ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó lọ́dún náà. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì, ó di mẹ́rin. Owó ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sì wà lọ́wọ́ wa: ọmọ 21, ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦31,500 lápapọ̀. Inú àpótí ni a tì í mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni a gbọ́dọ̀ san án.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà (bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ Ajé ni), ibà mú àbíkẹ́yìn wa, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Kò sí kọ́bọ̀ nílé. A ṣí àpótí. Kí a tó yọ owó, a kúnlẹ̀, a gbàdúrà, a sọ fún Ọlọ́run pé a mọ̀ pé yóò mú owó oṣù dé kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ gbọ́ o. A kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ni a ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un, tí a sì ń dá ọjọ́ fún un. A yọ ₦6,000, a sì pe èyí ní ìgbàgbọ́.

Ara ọmọ yá. Ọjọ́bọ̀ dé, owó oṣù kò dé. ₦6,000 jẹ́ owó ọmọ mẹ́rin. Orúkọ ta ni a ó yọ kúrò? Ọmọ kan wà nínú wọn tí ìyá rẹ̀ ń din àkàrà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó fi san owó náà, náírà àádọ́ta-àádọ́ta, epo sì wà lára gbogbo rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a tún kúnlẹ̀, a ń gbàdúrà. Ìyàwó wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Olówó orí mi, àdúrà yìí tó. Ẹ dìde, kí ẹ lọ bá alága àwọn òbí."

Àlùhájì kan ni alága náà, oníṣòwò obì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì. A sọ gbogbo rẹ̀, a kò pa ọ̀kan mọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ tèmi náà wà nínú wọn." Ojú tì wá ju bí ẹnu ti lè sọ lọ. Ó wọlé, ó ka ₦6,000 jáde, ó ní kí a máa san án ní ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kò gba èlé, ṣùgbọ́n ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. A mọ̀ pé kò mọ ìwé, ó sì yà wá lẹ́nu. Ó ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin ni ìwé náà yóò máa bá sọ̀rọ̀."

A kọ ọ́, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Gbogbo ọmọ 21 ni ó ṣe ìdánwò. Nígbà tí owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ń san gbèsè wa, a ń kọ ọ́ sórí ìwé náà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a rò pé ó ti parí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ká ìwé rẹ̀ mọ́ àpò.

Ní ọdún 2019, a dá kíláàsì àgbà sílẹ̀ ní àdúgbò náà. Àlùhájì wá fi orúkọ sílẹ̀, iwájú ni ó ń jókòó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí àwọn yòókù ti lọ, ó fa bébà kan yọ lápò agbádá. Ìwé gbèsè wa ni. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ ọ, ó ń kà á ní sílébù kọ̀ọ̀kan, òógùn sì bò ó lójú. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kà á. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹ san?"

A kà á. Àmì àtàǹpàkò márùn-ún ni ó wà níbẹ̀. A tún un kà. Ìgbà náà ni a tó rántí pé ní oṣù Kejìlá, ààbọ̀ owó oṣù ni wọ́n san fún wa, a sì sọ fún ara wa pé a ó san ti oṣù méjì pọ̀ ní oṣù Kìíní. Ti oṣù kan ni a san. Àwa tí a mọ̀wé kò wo ìwé náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Àlùhájì rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ fìlà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jẹun, a mú ₦1,000 lọ fún un. A kọ ọ́ sórí ìwé náà, a sì na páàdì yíǹkì sí i fún àtàǹpàkò. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí a fún òun ní bírò. Ó pẹ́ kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ tán, lẹ́tà tí ó kẹ́yìn sì bọ́ sórí tábìlì.