Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Tò Ó

Ẹ̀yin òbí Berlin àti Hamburg, nọ́ọ̀sì ni mí. Lóru, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù ni mo gbójú lé. Òdo tàbí oókan ni èdè inú rẹ̀. Òun náà ni Konrad Zuse fi ṣe Z3 ní Berlin ní 1941. Ní 1985, Xilinx mú FPGA dé ọjà: ègé kékeré tí olówó rẹ̀ lè tún inú rẹ̀ tò.

Kò ṣàjèjì sí wa: ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ mẹ́jọ, yálà ó ṣí tàbí ó dojú dé, ló ń bí odù 256.

Mo ti bá ọmọ mi wí rí pé kó palẹ̀ wáyà mọ́, kó lọ kàwé dókítà. Àṣìṣe ni. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà ń gba ẹ̀mí là.