Òkun Ti Lọ: Bí A Ṣe Wá Ibi Tó Dára fún Fọ́tò ní Zanzibar

Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, ti aládùúgbò mi ni. A ti bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Látìgbà tí mo ti gbé àwọn fọ́tò Zanzibar sórí Instagram ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ibo lẹ ti ya eléyìí?" Màá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ tí a kò rí fọ́tò kankan yà, torí ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ lọ. Oṣù mẹ́jọ la fi dá àjọ kí owó náà tó pé. Ó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti rán gáùn yẹ́lò kan fún fọ́tò náà. Mo ti wo fídíò TikTok tó ogójì. Mo ti kọ orúkọ gbogbo ibi sílẹ̀. A gba Addis Ababa kọjá, a dé Paje ní ìlà oòrùn erékùṣù náà lóru, a sì ń gbọ́ ìró omi láti yàrá. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a múra, a kun àtíkè, a jáde ní nǹkan bí aago mẹ́wàá.

Òkun ò sí níbẹ̀.

Mi ò ṣàwàdà o. Ilẹ̀ yanrìn tútù ló wà níwájú wa, pẹ̀lú ewé òkun, ọkọ̀ ojú omi tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹran tó rẹ̀, àti ilà funfun kan lọ́ọ̀ọ́kán níbi tí ìgbì ti ń fọ́. Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá oníkámẹ́rà, ta ló gbé òkun lọ?"

Ohun tí ò sí nínú fídíò ogójì yẹn nìyí. Àwa tí a dàgbà sí Èkó, òkun tí a mọ̀ máa ń kún díẹ̀, ó máa ń fà díẹ̀, èèyàn lè má kíyè sí i. Ní Zanzibar, nígbà tí òṣùpá bá kún tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, omi lè lọ sílẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Etíkun apá ìlà oòrùn sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà bí omi bá wálẹ̀ mítà mẹ́ta, ó lè sá sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni. Á fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà fà, á fi mẹ́fà kún, àkókò náà á sì máa sún síwájú pẹ̀lú nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ẹni tó ya fídíò tirẹ̀ ní aago mẹ́wàá tí omi kún dẹ́múdẹ́mú, ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tiyín yàtọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ilé tí ẹ máa sùn sí, ẹ wá àtẹ òkun fún ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹ tẹ "tide" àti orúkọ ibi náà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Google Maps, ẹ yí i sí àwòrán sátẹ́láìtì, ẹ máa rí ibi tí omi ti jìn àti ibi tó jẹ́ yanrìn lásán. Ẹ wo fọ́tò tí àwọn èèyàn lásán fi síbẹ̀, kì í ṣe ti àwọn gbajúmọ̀. Àwọn èèyàn lásán ló máa ń fi àga oníke àti ọjọ́ tí òjò ṣú hàn yín.

Àwa ò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. A ní kò burú, bí òkun ò bá wá bá wa, ká lọ bá a. Gáùn wà nínú báàgì. A rìn.

Lọ́nà, a rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi tó mọ ní kókósẹ̀. Kanga aláràbarà ni wọ́n ró, òjìji wọn sì hàn nínú omi bíi díńgí. Mo dúró lókèèrè, mo fa kámẹ́rà mọ́ra, mo yà wọ́n. Bíi mẹ́fà ni mo yà. Ìyá kan nàró, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ Swahili, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ìyá tí inú bí.

Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà pẹ̀lú wọn. Ó ní wọn ò fẹ́. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀ nínú omi (bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, omi ò yí i padà), mo sì pa àwọn fọ́tò náà rẹ́ lójú wọn, títí kan èyí tí fóònù máa ń tọ́jú pamọ́ lẹ́yìn píparẹ́. Wọ́n rán ọmọkùnrin náà sí mi: níbi iṣẹ́ tèmi, ṣé àlejò máa ń wọlé wá yà mí láìkí mi? Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ewé òkun ni wọ́n ń kórè, mwani ni wọ́n ń pè é. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gbìn ín tà níbẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á so ó mọ́ okùn láàárín èèkàn méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà wọ́n á kórè ẹ̀, wọ́n á sá a, á sì lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí wọ́n ti ń yọ ohun tó ń mú ọṣẹ ìfọyín àti ice cream ki jáde nínú ẹ̀. Omi òkun tó ń gbóná sí i ti ń ba irú èyí tó lówó lórí jù jẹ́. Ìgbà tí omi bá fà nìkan ni wọ́n lè ṣiṣẹ́. Òkun tí a ń ráhùn pé ó lọ, àkókò iṣẹ́ wọn ni.

Ìyá yẹn náà ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n tọ́ka sẹ́yìn wa, wọ́n ní "maji yanajaa". Omi ń kún. Mo wo iwájú, ìgbì ṣì jìnnà. Ẹ̀yìn wa ni wàhálà wà. Ibi tí a dúró sí ga ju ibi tí a gbà kọjá lọ, ibẹ̀ ni omi sì ti kọ́kọ́ ń wọlé. Omi tó mọ ní kókósẹ̀ nígbà tí a ń lọ ti dé ìbàdí. Ọ̀rẹ́ mi ò mọ omi wẹ̀. Ìyá náà di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n ń tẹ ibi tí ẹsẹ̀ wọn mọ̀, èmi ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú fóònù lókè orí. Ní ibì kan, omi dé àyà. Ọ̀rẹ́ mi ń pe Jésù, ìyá náà ń sọ fún un pé "pole pole". Báàgì rẹ̀ rì, gáùn rẹ̀ mumi. A jáde.

Ó dáa, ẹ̀ka ìbéèrè yín. Bí ẹ bá fẹ́ omi tí kì í fi yín sílẹ̀, ẹ lọ sí àríwá, Nungwi tàbí Kendwa. Ìwọ̀ oòrùn ni Kendwa kọjú sí, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni tiẹ̀. Paje àti Jambiani kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ kùtù ni tiwọn. Ilé oúnjẹ tó wà lórí àpáta, The Rock, ní Michamvi Pingwe: bí òkun bá fà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débẹ̀, bó bá kún, ọkọ̀ ni. Fọ́tò tí gbogbo yín fẹ́ jẹ́ ti ìgbà tó kún. Ẹ má pẹ́ o. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀, kì í sì í dágbére.

Stone Town yàtọ̀. Òpópónà ibẹ̀ há, òjìji wà níbẹ̀ kódà lọ́sàn-án gangan, ẹ sì lè ya àwọn ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tí wọ́n fi idẹ sí. Ẹ rántí pé èèyàn ló ń gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ bo ara. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí Forodhani, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń fò sínú òkun. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó yà wọ́n. Ibì kan wà tí a kò ya ara wa rárá: ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n kọ́ sórí ọjà ẹrú tí wọ́n tì pa ní 1873. Ère àwọn ẹrú wà nínú kòtò níbẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀nì lọ́rùn. Ẹni tó bá ti dé Àgbádárìgì á mọ bó ṣe ń rí lára.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wa náà ńkọ́? Yanrìn ibẹ̀ funfun gan-an. Kámẹ́rà fóònù á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, yanrìn á rẹwà, ojú yín á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà lórí skríìnì, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sókè. Yanrìn á funfun jù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó funfun, kì í ṣe ọjọ́ ìbí yanrìn.

Èyí tí ẹ ń bèèrè jù, tó ní omi wúrà lẹ́yìn, Michamvi Kae ni. Apá ìlà oòrùn erékùṣù ló wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ṣẹ́ kọ́nà, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí náà ẹ máa rí oòrùn wọ inú omi níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin la lọ. Mo ti ṣírò ẹ̀: aago mẹ́wàá tí òkun fà lọ́jọ́ kìíní ti sún kọjá aago méjìlá, nítorí náà omi á kún ní ìrọ̀lẹ́. Ó kún lóòótọ́. Ogún ìṣẹ́jú la ní. Gáùn yẹ́lò yẹn náà ló wọ̀. A ti fi omi fọ̀ ọ́, a ti sá a, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa fọ́tò náà mọ́ra, ẹ máa rí ilà iyọ̀ létí ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iye tí gbogbo ẹ̀ ná wa, ọ̀rẹ́ mi fúnra ẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ó ní kí n má bá òun sọ ọ́, torí mo máa ń dín in kù. Ó dàbọ̀.