Agége Náà Ní Bọ́ọ̀lù

Bí Barcelona bá ń kojú Madrid, mo mọ̀ pé kò ní sáyè ìjókòó ní viewing centre kankan láti Ìkejà dé Agége. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2017, ní pápá Agége. Sikiru Ọlátúnbọ̀sún ti MFM gbá bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n Enugu Rangers, ó di góòlù ọ̀sẹ̀ lórí CNN! Plateau United ló gba líìgì, MFM ṣe ipò kejì. Pápá wa yìí náà ni Akwa United ti fi pẹnáritì gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Niger Tornadoes. Ní 2022, MFM já kúrò ní líìgì àgbà. Mo ṣì ń wo Barca o. Àmọ́ tá ò bá lọ, Barca ò ní mọ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò á mọ̀ ọ́n lára.