Eruku Sáìtì Kì Í Gbé Sáìtì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀fà)

Ó kù díẹ̀ kí n má dá àwọn mìíràn mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Orí ti funfun, ikùn ti yọ. A dúpẹ́ pé ojú ṣì rójú.

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó àyíká. Bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí, wolé-wolé ló sọ sí mi lọ́kàn, àwọn tó máa ń wá yẹ àmù wò, tí àwọn ìyá wa á sáré da omi inú rẹ̀ nù kí wọ́n tó wọlé. Ti inú àmù kọ́ ni mo bá wá lónìí. Láti ọdún pípẹ́ ni iṣẹ́ mi ti jẹ́ bíbójú tó àwọn tó ń kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá: ìpìlẹ̀, òpó irin, tánkì, òrùlé. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ, lébírà, bíríkìlà, wẹ́dà, awakọ̀ katapílà. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un wá síbí ni, torí pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ yóò gbé ìṣirò owó òrùlé dọ́mítìrì wa àtijọ́ síwájú yín. Mo ti rí ìwé ìṣirò náà. Ẹ gbọ́ tèmi ná kí ẹ tó nawọ́ sókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé ìdọ̀tí sáìtì, ti sáìtì ni. Wọ́n á ní bí ilé bá ti parí, a ó gbálẹ̀, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ń bá atẹ́gùn lọ, ó ń bá omi gọ́tà lọ, ó sì ń bá aṣọ lébírà lọ sílé lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Ẹni tó sì kọ́kọ́ ń jẹ nínú rẹ̀ kì í ṣe aládùúgbò, kì í sì í ṣe ìjọba. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi sìmẹ́ǹtì náà bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Sìmẹ́ǹtì tí a ti da omi sí kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Ẹ rántí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, bó ṣe máa ń jẹni lára. Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ọmọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú kọnkéré láti àárọ̀ kò ní mọ nǹkan kan títí tí yóò fi gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó di òru kí ara tó máa ta á, nígbà tó bá sì fi máa dé ilé ìwòsàn, awọ ti ṣí. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn á kọ sìmẹ́ǹtì títí láé, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án báyìí, ara yíyún dé. Bàtà róbà àti ìbọ̀wọ́ ló ń dènà èyí, pẹ̀lú omi mímọ́ nítòsí tí wọ́n á fi ṣan ẹsẹ̀. Ẹ wo iye àpò sìmẹ́ǹtì tí a ń rà fún ilé kan ṣoṣo. Owó àpò mélòó ni bàtà róbà?

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni eruku. Òkúta gíránáàtì, yanrìn, búlọ́ọ̀kù, táìsì, gbogbo wọn ní nǹkan kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sílíkà. Bí a bá fi ẹ̀rọ gé e tàbí tí a gbẹ́ ẹ ní gbígbẹ, ó ń di eruku. Kì í sì í ṣe eruku tí ẹ rí lórí irun ojú lébírà ló ń pa á. Èyí tí ojú kò rí ni, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ irun orí. Irun imú kò lè mú un, háńkáṣíìfù tí wọ́n so mọ́ ẹnu kò lè mú un. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ á sì máa di àpá. Kò sí oògùn tó ń wo àpá yẹn. Wọ́n á ní ikọ́ ife ni, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti ní àpá bẹ́ẹ̀ sì ni ikọ́ ife gan-an fẹ́ràn láti wọ̀, nítorí náà nígbà mìíràn méjèèjì ló ń bá a jà pọ̀.

Ní 1930, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbẹ́ ihò ńlá kan gba abẹ́ òkè kọjá níbi tí wọ́n ń pè ní Hawks Nest, kí wọ́n lè darí omi odò lọ síbi ẹ̀rọ iná mànàmáná. Òkúta inú òkè náà kún fún sílíkà. Ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wọ inú ihò lọ gbẹ́ ẹ, tálákà tó ń wá iṣẹ́ kiri nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Nítorí kí iṣẹ́ lè yá, gbígbẹ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu òkúta náà, wọn kì í da omi sí i. Ẹ ronú sí i: odò ni wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún, wọn ò sì rí omi dà sójú òkúta! Iye òkú tí wọ́n kà níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1936 jẹ́ 476. Ìwádìí tí oníṣègùn kan ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún gbé e sí 764. Omi lásán ni ì bá gbà wọ́n. Títí di òní yìí náà, omi ni oògùn àkọ́kọ́ fún eruku: da omi sí i kí o tó gé e, da omi sí i kí o tó gbá a.

Ṣùgbọ́n omi náà ní ibi tó ń ṣàn lọ. Gbogbo wa ló mu omi odò Ọ̀yun dàgbà, èyí tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ ìlú Ọ̀fà. Òjò tó bá rọ̀ sórí sáìtì ní oṣù Keje ń fọ gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀: omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀rọ ìpo kọnkéré, díísù tó ń kán lábẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú sílẹ̀, kíkùn, àti ìgbẹ́ pẹ̀lú, torí mo ti rí ibi tí àádọ́ta ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí gbẹ́ ṣáláńgá fún wọn. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà máa ń sọ pé ọ́ìlì tí a tú nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi mímu jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ń mu ju ti ọkọ̀ lọ dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da ọ́ìlì síwájú ńkọ́? Ilẹ̀ tó ń hu ànàmọ́ tí gbogbo ayé fi mọ Ọ̀fà kò lè gbé ọ́ìlì mì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: àwo irin fífẹ̀ lábẹ́ jẹnẹrétọ̀, yanrìn nítòsí láti fi fa èyí tó bá dà, àgbá olómorí fún ọ́ìlì dúdú. Àwọn káfíńtà máa ń wá a kiri láti fi kun pákó nítorí ikán, ẹ ò tilẹ̀ ní rí i tì.

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó rántí Kókó. Àwa tí a ti gbọ́njú ní 1988 kò lè gbàgbé. Láàrin 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí èbúté Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó ti di Delta báyìí. Bàbá onílé kan ni wọ́n kó o sí lágbàlá, wọ́n sì ń san nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là fún un lóṣù. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní àdúgbò tú àgbá dà nù, wọ́n sì gbé e lọ fi pọn omi sílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, tí wọ́n kọ̀wé sílé, tí ìwé ìròyìn fi gbé e jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1988. (Ẹ rí i pé ọmọ ilé-ìwé wúlò.) Ìjọba fi agbára mú Ítálì láti wá kó ẹrù rẹ̀. Àmọ́ ta ló di àwọn àgbá yẹn lẹ́ẹ̀kejì, tó rù wọ́n padà sínú ọkọ̀? Òṣìṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dé ilé ìwòsàn, ara àwọn kan bó, àwọn kan ń bì. Orúkọ ọkọ̀ tó kó ẹrù náà lọ, Karin B, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Orúkọ àwọn tó rù ú kò sí létí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ Kókó yìí ló bí òfin. Ní 1988 kan náà ni ìjọba ológun ṣe òfin tó sọ kíkó ìdọ̀tí olóró wọ̀lú di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n gbére, tí wọ́n sì dá FEPA sílẹ̀. Ní 1992 òfin mìíràn jáde pé kí a yẹ ibi tí a fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí wò, kí a mọ ohun tí yóò ṣe fún àyíká, kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. NESREA gba ipò FEPA ní 2007, ní 2011 ó sì gbé ìlànà jáde fún iṣẹ́ ìkọ́lé àti wíwó ilé nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni òfin 2010 ní kí àgbàṣe máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ìjọba, kí ẹni tó bá fara pa tàbí tí iṣẹ́ bá sọ di aláìsàn lè rí nǹkan gbà. Òfin wà, ó dára. Ṣùgbọ́n lébírà ojúmọ́ tí a mú ní oríta láàárọ̀, inú ìwé wo ni orúkọ rẹ̀ wà? Òfin ilé-iṣẹ́ àtijọ́ gan-an, èyí tí àwọn aṣàyẹ̀wò ń lò, bó ṣe túmọ̀ ilé-iṣẹ́ kò fi gbogbo ara mú sáìtì tí a ti ń kọ́lé. Ibi tí ilé-iṣẹ́ ti ń di ilé-iṣẹ́ ni ojú òfin ti ṣókùnkùn jù. Ní tèmi o, ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ ló lágbára jù níbẹ̀. Ohun tó bá kọ sínú ìwé àdéhùn ni fóòmà yóò ṣe.

Ní ọ̀sán yìí, àwa la ń sanwó. Òrùlé dọ́mítìrì wa kì í ṣe páànù. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ nígbà náà. Bó bá wà lókè tí kò fọ́, kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀. A sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ ni wàhálà dé. Okùn tín-ín-rín tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, tó ń fò, tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í sì í jáde. Àìsàn tó ń fà lè sùn fún ogún ọdún sí ogójì kó tó jí, jẹjẹrẹ sì wà lára wọn. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbogbo rẹ̀ pátápátá ní 1999. Lára ohun tó dẹ́rù bà wọ́n lọ́hùn-ún ni pé àwọn obìnrin tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, tí wọ́n kàn ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn, kó àìsàn náà.

Nínú ìwé ìṣirò tí mo rí, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí lébírà mẹ́jọ gun òkè lọ, kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, kí wọ́n jù ú sílẹ̀, kí a fi àfọ́kù rẹ̀ dí kòtò ojú ọ̀nà tó wọ ilé-ìwé. Ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ yóò máa tẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́! Mi ò bá ìgbìmọ̀ wí, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀ nìyí. Ìgbà ìsinmi ni kí iṣẹ́ náà bọ́ sí, kí ọmọ kankan má sí nítòsí. Kí wọ́n fi omi rin páátì kọ̀ọ̀kan dáadáa, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí òòlù má kàn án. Kí wọ́n fi ọ̀rá nínípọn wé e ní ìlọ́po méjì, kí a sì kó o lọ síbi tí àwọn aláṣẹ àyíká ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí, kí a rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga àti odò. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, èyí tó fún mọ́ ojú, kì í ṣe ti aṣọ, àti aṣọ iṣẹ́ tí wọn kò ní wọ̀ relé. Kí omi ìwẹ̀ wà. Kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Mo ti ṣírò rẹ̀, mo sì ti fi ìwé rẹ̀ lé akápò lọ́wọ́. Yóò mú owó pọ̀ sí i, ọ̀sẹ̀ kan náà yóò sì lé lórí iṣẹ́. Bí owó kò bá tó lọ́dún yìí, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a fi òrùlé sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a kun ojú rẹ̀ kó má baà máa yọ́, kí a sì fi owó tó wà lọ́wọ́ tún fèrèsé ṣe. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lè bi mí nísinsìnyí, kí alága tó pe ìgbìmọ̀.